Níbo Ni Onílù Ìròmi Wà?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí sọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), lórílẹ̀-èdè Benin, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá kan. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, ààyè ṣì wà níwájú. Kò sẹ́ni tó máa pè yín síta. Ẹ̀yin àlejò wa láti Kétu, ẹ̀yin tí ẹ ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wọkọ̀ láti ìdájí, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú òjò. Èyí tó rọ̀ lánàá yìí, ó tó òjò! Mo gbọ́ pé ọkọ̀ àwọn kan rì sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Mo júbà àgbà. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fà mí létí.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí ìdílé wa ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nílé, kí n sì sọ ohun tí à ń wá létí odò pẹ̀lú asẹ́ àti abọ́ ní gbogbo ìgbà tí òjò ńlá bá ti dá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ní èrò tiwọn nípa rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé babaláwo wo ló ń rán ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́.

Kí n tó dáhùn, òwe kan wà tí gbogbo yín mọ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ẹ parí rẹ̀. Ìròmi tó ń jó lójú omi…

(Gbogbo ìjókòó: Onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ omi!)

Ẹ ṣé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ti rí onílù náà rí? Ta ló ti lọ wò ó? Ẹ ò dáhùn. Èmi náà ò rí i rí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

A ò bá ilé-ìwé jà o. Olùkọ́ ni mí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ eruku ẹfun. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè wa, èyí tí a ṣe lóṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala 13 pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Zémìjàn kan, alùpùpù akérò, ló gbá àkọ́bí mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, oṣù mẹ́rin ló fi wà nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ kí ohun tó mọ̀ má baà fò lọ.

Àárín ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan sínú agolo mílíìkì, ó gbé e lọ sí kíláàsì. Agolo bọ́, ọ̀pọ̀lọ́ jáde, kíláàsì tú. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, ó sì kúnlẹ̀ títí aago ọ̀sán fi lù. Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, mo bi í pé kí ló gbé ọ̀pọ̀lọ́ dé ọ̀hún. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní "grenouille", orúkọ àkèré ní Faransé, lánàá, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé, òun fẹ́ bi màdáámù bóyá ẹ̀yìnkùlé àwa náà ní i.

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ gbé ìbéèrè lọ sílé-ìwé, ìkúnlẹ̀ ló fi gbà bọ̀.

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń rokà. Kò ka ìwé kankan rí láyé rẹ̀. Òun ló dá ọmọ lóhùn. Ó ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ lo gbé lọ. Ara tirẹ̀ le, ó rí ṣákaṣàka, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò ṣe é fi sọ́bẹ̀. Àkèré lara rẹ̀ ń yọ̀, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ gùn, ìyẹn là ń jẹ. Kọ̀ǹkọ̀ lèyí tí kì í jẹ́ ká sùn lóru." Ọmọ náà wo ìyá mi, ó wo èmi olùkọ́. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún bàbá wọn pé ẹ jẹ́ ká fi ọdún kan kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé. Ọdún kan di méjì. Ìṣirò àti Faransé láàárọ̀, Yorùbá lọ́sàn-án, odò ní ọjọ́ kejì òjò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kejì òjò? Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àlejò. Òkè wa tí ẹ ń wò lókè yìí, àpáta ni, kì í mu omi. Òjò tó bá bọ́ lé e, wàrà-wàrà ló ń ṣàn wá bá wa nílẹ̀. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko kajú wa lè gbẹ láàárọ̀, kó mu ni dé ìbàdí lọ́sàn-án, kó sì tún padà di omi ọrùn ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń jáde lọ́jọ́ kejì yẹn: akàn, ọ̀kùn, ìgbín, ekòló, esúnsún, àkèré. Odò náà ń sáré lọ bá Ọ̀pàrà, Ọ̀pàrà ń lọ bá Wẹ́mẹ̀, Wẹ́mẹ̀ tó gùn tó 510 kìlómítà sì ń lọ sọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué. Àbíkẹ́yìn mi ti ju ọkọ̀ ojú omi tó fi ewé ṣe sínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, bí ẹ bá rí i, tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ ìròmi

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ, omi ti fà sẹ́yìn, ó fi ibú kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ igi, omi inú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n tó ogún. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bíi kóro iṣin, ṣùgbọ́n wọn ò tóbi ju kóro ẹ̀wà lọ. Wọ́n ń pòòyì, wọ́n ń kọjá lára ara wọn, ọ̀kan ò sì kọ lu ìkejì. Mo pa òwe náà fún àwọn ọmọ. Mo rò pé iṣẹ́ olùkọ́ parí síbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta, ó gbé ojú sún mọ́ omi títí imú rẹ̀ fi kàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé orí sókè, omi ń kán nímú rẹ̀, ó ní, "Màmá, mi ò rí onílù."

Kí ni kí n wí? Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pa òwe yẹn. Mo ti fi bá olóṣèlú wí, mo ti fi bá ìyàwó àbúrò ọkọ mi wí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wà níjókòó. Mi ò wo ìsàlẹ̀ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

A ní ká mú ọ̀kan. Ó gbà wá ní wákàtí kan gbáko, nítorí ó ń rí wa kí ọwọ́ wa tó dé. Tí a bá sún mọ́ ọn, á rì wọlẹ̀, á sì fi ìdí gbé ìhó afẹ́fẹ́ kékeré kan lọ́wọ́, tó ń dán bíi jígí, òun ló ń mí nísàlẹ̀ omi. Nígbà tí ọwọ́ wa tẹ ọ̀kan, a dà á sínú abọ́ tánganran funfun. Bàbá wọn ní awò kan tó fi ń ka lẹ́tà wẹẹrẹ. Òun la fi wò ó lójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mẹ́rin ló ní. Méjì kọjú sókè, méjì kọjú sísàlẹ̀, ibi tí omi dé lára rẹ̀ ló là wọ́n láàárín. Ó ń wo ẹyẹ tó ń bọ̀ lókè, ó sì ń wo ẹja tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ti mọ èyí tipẹ́, ó wà nínú ìwé. Ọmọ mi ò tíì ka ìwé yẹn. Ó kàn kígbe ni: "Ìròmi ń wo onílù!" Àwa tí à ń pa òwe ni a ò wò ó.

Àkọ́bí mi kì í pariwo, òun a máa rò ó wò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, esúnsún jáde yí iná ẹnu ọ̀nà wa ká, ikán oníyẹ̀ẹ́ wọ̀nyẹn tí àwa máa ń yan. Ó tọ́jú mélòó kan sínú ìgò kí ìyá mi tó kó ìyókù sínú agbada. Láàárọ̀, ó ju ewé gbígbẹ kan sórí omi. Kò sí ìròmi tó wò ó. Ó wá ju esúnsún kan. Esúnsún ń jà, ó ń fi ìyẹ́ gbá omi, omi ń mì tìtì, ó ń fẹ̀ kiri bí òbìrí. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta… Kí a tó ka ẹẹ́sàn-án, ìròmi mẹ́ta ti dé, wọ́n ti dì í mú.

Ìwo kékeré méjì wà lórí wọn tó máa ń gba ìmìtìtì omi. Ìyẹn ni ìlù. Kòkòrò tó bá já sómi, tó ń jàpà, òun ló ń lù ú, ìròmi á sì tọ ohùn ìlù lọ sídìí oúnjẹ. Àkọ́bí mi ní òwe jẹ̀bi nígbà náà, pé ojú omi ni onílù wà, kò sí nísàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ takú, ó ní ẹja ìsàlẹ̀ ló ń lé wọn tí wọ́n fi ń pòòyì bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn ní onílù ti sùn, àwa la pẹ́ dé. Wọ́n jà á títí dé ilé. Mo jẹ́ kí wọ́n jà á.

Ohun tí mo gbé wá bá yín lónìí nìyẹn. Kò sí òwe ẹranko kan lédè wa tí kì í ṣe pé ẹnì kan lóṣòó sétí odò, tàbí sẹ́yìn igi, kí ó tó pa á. Ó wò ó, ó tún un wò, ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan kó má baà sọnù. Àkọsílẹ̀ ẹni tí kò ní ìwé ni. Àwa wá sọ ọ́ di ohun tí a fi ń bú èèyàn. Mo bẹ yín, ẹ mú ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti pa òwe náà, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ibi tí òwe ti kọsẹ̀

Àkèré kì í sáré ọ̀sán lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ṣé ẹ gbà á? Àwọn ọmọ mi ò gbà á mọ́. Ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì òjò, a ka àkèré mẹ́tàdínlógún tó ń fò kiri nínú koríko. A tẹ̀ lé ọ̀kan. Kò lé ohunkóhun. Kò sí ohun tó ń lé e, àfi àwa. Kí ló wá fà á? Awọ ara rẹ̀ ni. Àkèré ń fi awọ mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ tutù kí èémí tó gbà á kọjá. Oòrùn ló ń há a mọ́ ibi òjìji igi lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá tutù, tí ìkùukùu bo oòrùn, ọ̀sán di alẹ́ fún un. Ẹni tó pa òwe náà ò purọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló pa á.

Àbí ti lámilámi? Orúkọ rẹ̀ dún bíi pé omi ló ń lá. Ọmọ mi kejì jókòó tì í, ó kà á: ìgbà mẹ́rìnlá ló fara kan omi, ẹnu rẹ̀ ò sì kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ìrù ló ń tì bọ̀ ọ́. Ẹyin ló ń yé. Ọmọ tó bá ti inú ẹyin náà jáde, inú omi ni yóò ti dàgbà, kò ní jọ ìyá rẹ̀ rárá, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa nà jáde bí ọwọ́ olè, á fi máa mú ọmọ ẹ̀fọn jẹ. Ọmọ mi sáré lọ bá ìyá mi pé, "Ìyá àgbà, ẹ ti ṣì í pè! Kì í lá omi!" Ìyá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo sọ fún ọ pé ẹnu ló fi ń lá a?"

Alákàn ò kọsẹ̀ ní tirẹ̀. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀pá kékeré, ó ń yọ ọ́ síta, ó sì ń ká a wọlé bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pa òwe ikùn akàn fún wa. A ṣí òkúta kan, akàn ńlá wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dì í mú láti ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀mú rẹ̀ ò lè dé. Bí a ṣe dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdérí ikùn rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí. Abo nìyẹn, ti akọ máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdérí náà ṣí díẹ̀. Ọmọ ló kún abẹ́ rẹ̀, wẹẹrẹ bí ọkà bàbà, àìlóǹkà, wọ́n ti ní ẹsẹ̀, wọ́n ti ní ẹ̀mú, wọ́n ń rìn lórí ara wọn. Akàn odò wa kì í da ẹyin sómi bíi ti òkun, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n síkùn títí wọ́n á fi lè rìn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́rin. A dá a padà, a sì gbé òkúta náà lé ibi tó wà gẹ́lẹ́, ìhà tó tutù nísàlẹ̀. Òfin ilé wa nìyẹn: òkúta tí o bá ṣí, ìwọ ni o máa dé e.

Àwọn ọmọ orí àpáta

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Lórí àpáta tó wà lókè oko wa, kòtò kan wà tí omi òjò máa ń dúró sí. Kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn òjò, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ti kún inú rẹ̀, orí gbàǹgbà, ìrù pẹ́lẹ́bẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọmọ mi kejì ń gùn lọ wò wọ́n. Òjò wá dá ọwọ́ dúró. Ọjọ́ kẹta, kẹrin, omi ń fà. Ọmọ náà ò jẹun lálẹ́. Ó ní wọn yóò kú. Láàárọ̀, ó gbé igbá, ó kó wọn tán pátá, ó rọra gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sínú odò, níbi tí omi ti pọ̀. Èmi fúnra mi ni mo bá a gbé igbá. Mo yìn ín. Mo ní ó láàánú.

Ọjọ́ kejì, a padà lọ wò wọ́n. Ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀pìyà kékeré kékeré ló ń lọ tó ń bọ̀ níbi tí a dà wọ́n sí, ikùn wọn yó.

Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ìyá wọn fi yé wọn sórí àpáta tó mọ̀ pé omi ibẹ̀ á gbẹ?" Kí n tó dáhùn, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn: "Torí kò sí ẹja níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìyá wọn ta tẹ́tẹ́ ni. Inú odò, omi ò ní gbẹ ṣùgbọ́n ẹja á jẹ wọ́n. Orí àpáta, ẹja ò sí ṣùgbọ́n oòrùn wà. Ó yan oòrùn, ó ní kí àwọn ọmọ sáré dàgbà kí omi tó tán. Ọdún mélòó ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ayé ọ̀pọ̀lọ́: ẹyin, ọmọ onírù, àgbà. Mo máa ń ya òbìrí rẹ̀ sí pátákó, mo máa ń fi ọfà sí i. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ inú kòtò ẹsẹ̀ màlúù la ti máa ń rí wọn jù. Ọmọ náà sunkún o. Ó ṣe mí bákan pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe mí bákan pé èmi ni mo gbé igbá.

Odò kò mọ ọmọ ẹnìkan

Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ níbí yìí, ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibí lọ ki ọmọ bọ omi.

Ní ọdún kejì, mo ṣe àṣìṣe kan. Oòrùn ń ràn lórí wa, odò mọ́ lóló, a tẹ́ ẹní sórí òkúta kan láàárín rẹ̀. Lápá òkè odò, ojú ọ̀run dúdú. Mo gbọ́ àrá. Mo ní ó jìnnà. Èkejì wọn ló sọ pé, "Màmá, àwọn ìròmi ti lọ." Mo ní kó jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń kọ. Omi yí àwọ̀ padà, ó pọ́n. Ewé àti ìfófò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ìró odò yí padà bí ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ lọ́nà jíjìn. Ìgbà yẹn ni mo ju bírò nù. Mo gbé kékeré sẹ́yìn, mo fa àwọn méjì lọ́wọ́, a là á kọjá nígbà tí omi ti dé orúnkún mi. Bí a ṣe gun bèbè tán, òkúta tí a jókòó lé ti wọmi. Ẹní lọ, bàtà lọ, abọ́ tánganran lọ. Awò ọkọ mi náà lọ, kò sì tíì dárí jì mí títí dòní. Ẹ̀bi mi ni látòkè délẹ̀. Òjò kò gbọ́dọ̀ rọ̀ lé ẹ lórí kí odò tó gbé ẹ lọ. Ibi tó ti ń ṣàn bọ̀ ni kí o máa wò.

Láti ọjọ́ náà, igi kan la rì sí bèbè, a fá àmì mẹ́ta sí i lára. Bí omi bá bo èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, a ò ní sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ilé la ó ti wo ekòló. Bí a bá gbọ́ àrá, ibikíbi tó wù kó ti sán, a ó gòkè. Ọ̀pàrà ní tirẹ̀, a kì í sún mọ́ ọn rárá nígbà òjò, ọ̀nì sì ń bẹ nínú àwọn odò ńlá wa. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ Wẹ́mẹ̀ ò nílò kí n sọ ohun tí omi lè ṣe. Ìkún omi ọdún 2010, ó ju 600,000 èèyàn lọ tó kàn lórílẹ̀-èdè yìí.

Ohun kékeré tún wà níbẹ̀ tí ojú kì í rí. Ìgbín wẹẹrẹ inú omi dídúró máa ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò náà ò nílò ọgbẹ́ kó tó wọlé, awọ ara tó dáa ló ń gbà. Nítorí náà, asẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn ló ń wọ inú ibú wa, ẹsẹ̀ ọmọ kì í wọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má pè é ní ìbàlágà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, oògùn rẹ̀ wà. Ẹ fi ọ̀pá tú pàǹtí tí omi kó jọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ejò fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹja tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má fọwọ́ gbá a mú. Ẹni tí ẹja òjìjí ti gbọ̀n rí ò nílò kí n tún un sọ. Ọṣẹ fún ọwọ́, ṣùgbọ́n ilé ni kí ẹ ti lò ó. Ọṣẹ ìfọṣọ ń tú awọ ojú omi ká, kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí omi á sì rì. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ rọra tẹ́ abẹ́rẹ́ ìránṣọ sórí omi nínú abọ́, á léfòó. Ẹ kán ọṣẹ sí i. Ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ.

Ìbéèrè tí ẹ ò tíì bi mí

Mo mọ̀ ọ́n: "Ṣé wọn á yege CEP, ìdánwò ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀?" Àkọ́bí padà sílé-ìwé, ó ṣe é, ó yege. Ìṣirò ló fẹ́ ká a mọ́, kì í ṣe odò ló fà á, èmi ni mi ò mọ ìṣirò kọ́ dáadáa. Mi ò ní kí gbogbo yín yọ ọmọ nílé-ìwé. Ẹni tó ń lọ sọ́jà láti ìdájí, ìgbà wo ni yóò rí àyè? Ṣùgbọ́n ìsinmi gígùn àwọn ọmọ yìí, àárín òjò ló bọ́ sí. Àárọ̀ kan péré lọ́sẹ̀, ìyá àgbà kan, abọ́ funfun kan, ó ti tó. Ẹ má gbàgbé ìyá àgbà o. Ọmọ tó mọ "grenouille" tí kò mọ àkèré yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́, àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè, ilé-ìwé kọ́.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé a kì í jẹ nínú ohun tí à ń rí ni. Lẹ́yìn ìkún omi kan, a bá àrọ̀ kan lójú ọ̀nà, nínú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ìgbáyà wọ́ lọ sápá odò. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tí kò fi kú. Àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń ka irùngbọ̀n rẹ̀: mẹ́jọ. Omi pọ́n bí epo lọ́jọ́ náà, irùngbọ̀n yẹn ló fi ń tọwọ́ wá ọ̀nà. Àkọ́bí mi ní ìyẹn ni wọ́n ṣe ní odò kì í kún bo ẹja lójú, pé àrọ̀ ní ojú mìíràn létí ẹnu. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni aládùúgbò wa kan gbà kọjá pẹ̀lú agbọ̀n. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọbẹ̀ náà dùn.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, bí òjò ò bá rọ̀ lóru Jímọ́ọ̀, tí omi ò sì bo àmì ìsàlẹ̀ lára igi wa, a ó wà níbẹ̀ láti aago méje àárọ̀. Ọmọ kan, àgbà kan, a kì í gba ọmọ tí kò ní àgbà. Ẹ mú asẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn dání. Ẹ má wọ bàtà tí ẹ fẹ́ràn. Àwọn ọmọ mi ṣì ń jà lórí onílù, ẹni tó bá ní èsì kó mú un wá.

Ẹ ṣeun o, ẹ kú sùúrù. Ẹni tó bá sì ní awò kan nílé tí kò lò mọ́, ọkọ mi ló jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé.